Sọ́fítíwíà ìwé owó okòwò: ṣé kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa sanwó lóṣooṣù, àbí kí ẹ mú èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀?

Lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Intuit, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni sọ́fítíwíà ìwé owó QuickBooks, kò ta QuickBooks Desktop Pro àti Premier fún oníbàárà tuntun mọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ lè máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Wọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ọdún 1999 ni wọ́n dá Salesforce sílẹ̀ láti máa fi sọ́fítíwíà háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2013 ni Adobe kéde pé ẹ̀dà tuntun Photoshop kò ní sí ní títà lẹ́ẹ̀kan mọ́. Broadcom ra VMware ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, kí oṣù tó tẹ̀ lé e sì tó parí, láísẹ́ǹsì tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan ti di ohun àná níbẹ̀. Atlassian náà dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún ẹ̀dà Server rẹ̀, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń gbé sórí kọ̀ǹpútà ara wọn, dúró ní oṣù kejì ọdún 2024.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ra sọ́fítíwíà ní ọdún 2005 lè lò ó títí di 2015 láì fún ẹni tó ṣe é ní kọ́bọ̀ kan sí i, àwọn tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó tó ń wọlé lóṣooṣù ló dùn mọ́ wọn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ilé àyágbé ni: ẹ kò ní tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n onílé lè fowó kún un nígbà tó bá wù ú, bí ẹ kò bá sì san, ìta ni ẹrù yín máa wà.

Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó ní ilé ìtajà, ilé oògùn, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìtẹ̀wé tàbí ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe nǹkan jáde, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín mẹ́ta sí àádọ́ta. Àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ní wàhálà tiwọn: SAP, tó ń ṣe sọ́fítíwíà fún irú wọn, ti ní kí àwọn oníbàárà òun kúrò lórí ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ECC, nítorí ọdún 2027 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ gan-an máa parí, ẹni tó bá fẹ́ sún un dé 2030 sì máa san owó lé e. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa níbí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi iye owó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wọn. Èmi máa ń fi ọjọ́ ìkúrò bẹ̀rẹ̀: lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ fi sọ́fítíwíà yìí sílẹ̀, ṣé màá lè kó ìwé mi dání? Ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ ṣe ń wo àtẹ yìí. Èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ́fẹ̀ẹ́, kó wo inú rẹ̀, kó sì tún un ṣe; server sì ni kọ̀ǹpútà tó ń gbé sọ́fítíwíà àti ìwé fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù.

| | Èyí tí a rà lẹ́ẹ̀kan, tó wà lórí kọ̀ǹpútà | Èyí tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì | Èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Àpẹẹrẹ | Peachtree tàbí QuickBooks Desktop àtijọ́. Excel inú Office 2024 | QuickBooks Online, Zoho Books, Xero, Odoo Enterprise | ERPNext, Odoo Community |
| Owó ìbẹ̀rẹ̀ | Ó wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ni | Kò tó nǹkan | Kóòdù kò gba owó, ẹni tó máa gbé e kalẹ̀ ń gbà á |
| Owó lẹ́yìn náà | Ti ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe | Kò dáwọ́ dúró, dọ́là sì ni níbi tó pọ̀ | Owó server àti ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ |
| Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ | Kò kàn án | Iṣẹ́ dúró, àfi apá tó bá lè dá ṣiṣẹ́ | Bí server bá wà nínú ọgbà yín, iṣẹ́ ń lọ |
| Olè gbé kọ̀ǹpútà | Ìwé bá a lọ, àfi tí ẹ bá ní ẹ̀dà ìpamọ́ | Ẹ wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn | Ó sinmi lórí ibi tí server wà |
| Ẹ dẹ́kun owó sísan | Ó ṣì ń ṣí | Ilẹ̀kùn máa tì, bó pẹ́ bó yá | Ìwé ṣì jẹ́ tiyín |

Owó, àti dọ́là tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ibí ni àwọn ìfiwéra tí wọ́n ń kọ ní òkè òkun ti máa ń ṣì wá lọ́nà. Lójú ẹni tó wà ní Chicago, sọ́fítíwíà $30 lóṣù kò ju $30 lọ, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wá wò ó láti Ìbàdàn. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báǹkì. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Sọ́fítíwíà $30 yẹn tó jẹ́ ₦13,800 lóṣù wá di ₦45,000. Lọ́dún, ₦165,600 ti di ₦540,000, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á kò fi sẹ́ǹtì kan kún iye rẹ̀. Okòwò tó ń ta ọjà rẹ̀ ní náírà ló gbé ẹrù yẹn.

Owó níní nìkan kò tó, ọ̀nà láti san án tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn báǹkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná ní òkè òkun kù títí ó fi di $20 lóṣù ní àwọn ibì kan, àwọn kan sì tì í pa pátápátá kí ọdún náà tó parí. Ọdún 2025 ni díẹ̀ nínú wọn tó tún ṣí i. Láàárín àkókò yẹn, káàdì dọ́là tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ okòwò gbára lé, ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sì kùnà ní ọjọ́ tí owó yẹ kó wọlé, ìkìlọ̀ ló máa kọ́kọ́ rí gbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa tì í síta. Ẹ fi owó orí VAT 7.5% kún un, nítorí láti ọdún 2022 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní kí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun tó ń ta iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wa máa gbà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa mú oníṣooṣù, ẹ wá èyí tó ń gba náírà. Zoho, ilé iṣẹ́ Íńdíà tí Sridhar Vembu wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1996, ní ọ́fíìsì nílùú Èkó, ó sì ń gba náírà. Àwọn ilé iṣẹ́ tiwa náà wà: SystemSpecs tí John Obaro dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó ni Remita, tó sì ní HumanManager fún owó oṣù àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, SeamlessHR náà wà nídìí iṣẹ́ yẹn, Bumpa sì wà fún ẹni tó ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp. Iye tí wọ́n ń gbà ní náírà lè gòkè, ó sì máa ń gòkè, ṣùgbọ́n kì í fò láàárín òru kan bíi ti dọ́là.

Ohun kejì tó ń jẹ owó láìfohùn ni iye èèyàn. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣooṣù ń gba owó lórí olùlò kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n fi òté lé iye èèyàn tó lè wọlé. Ohun tí mo ń rí ni pé ọ̀gá máa ra ti ẹni méjì, ẹni mẹ́fà á wá máa fi ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ₦80,000 bá sọnù, kò sí ẹni tó máa mọ ọwọ́ ẹni tó fi pa risíìtì rẹ́. Bí òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan ìwé owó bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ibi tí ERPNext ti ta àwọn yòókù yọ nìyẹn: bí ẹ bá tilẹ̀ ní kí Frappe tó ṣe é bá yín gbé e sórí server wọn, ohun tí server bá lò ni ẹ máa sanwó lé, wọn kì í ka orí.

Iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti kọ̀ǹpútà arúgbó

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì dúró, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìwé wọn sí òkè òkun kò rí i ṣí. Ẹni tí Peachtree àtijọ́ wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín yọ̀ jù. Ẹni tó ní Peachtree àtijọ́ yẹn, bí iná bá ṣẹ́ lójijì láàárín ìgbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, fáìlì rẹ̀ lè bàjẹ́ kó má ṣí mọ́. Bí kò bá ní UPS, jẹnẹrétọ̀ nìkan kò gbà á, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ ni ewu wà. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n ń fi sórí flash, tí flash náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ti olè àti ti iná ni. Ọ̀rọ̀ Windows tún wà níbẹ̀: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà àtijọ́ wà lórí rẹ̀ kò lè gba Windows 11. Sọ́fítíwíà tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan lè wà títí, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó gbé e dúró kò ní wà títí.

Ilé ìtajà tí oníbàárà ń tò síwájú akáṣíà ni ọ̀rọ̀ yìí le sí jù. Ìwé owó lè dúró di ọ̀la. Ẹni tó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì dání kò ní dúró. Ẹ wá sọ́fítíwíà tó ń bá títà lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tó sì máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó bá padà. Apá ìtajà Odoo ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ojú ìwé rẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń tajà bá sọ pé tòun náà ń ṣe é, ẹ fa wáyà router yọ níwájú rẹ̀, kí ẹ ta ọjà mẹ́ta, kí ẹ wò ó.

Kóòdù ọ̀fẹ́, iṣẹ́ olówó

Àwọn méjì ni mo máa sọ̀rọ̀ lé. Odoo wá láti Belgium; Fabien Pinckaers bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005 pẹ̀lú orúkọ TinyERP, ó di OpenERP, ọdún 2014 ló sì di Odoo. ERPNext wá láti Mumbai, ní Íńdíà, láti ọwọ́ Frappe. Àwọn méjèèjì lè gbé títà, rírà, ọjà tó wà nílẹ̀, àti iṣẹ́ ṣíṣe jáde pọ̀ sójú kan. Níbi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Odoo ní ẹ̀dà méjì. Community ni ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìwé owó ọ̀hún gan-an, èyí tí akáǹtáǹtì fẹ́, inú Enterprise tó ń gba owó ló pé sí. Ínfọ́ísì àti owó tó wọlé ni Community ń dúró lé. ERPNext kò pín ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwé owó rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ìwé owó ni ẹ ń wá, tí ẹ sì ti pinnu pé kóòdù tó ṣí sílẹ̀ ni ẹ fẹ́, ERPNext ni màá mú. Ojú Odoo dùn ún wò jù ú lọ, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e kalẹ̀? Odoo ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde lọ́dọọdún, ẹ̀dà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sì ń tún ṣe. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ tó jókòó tì í fún ọdún mẹ́rin ti ń lo ohun tí kò sí ẹni tó ń dí ihò rẹ̀ mọ́. Láti gbé ìwé láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n ni. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Yábàá, wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n mọṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń já pa. Mo ti rí ibi tí ọmọ tó gbé gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ ti wà ní Kánádà, tí ọ̀rọ̀ ìwọlé server sì wà lórí rẹ̀, tí ọ̀gá ń dúró kí ilẹ̀ mọ́ lọ́hùn-ún kó tó lè pe ọmọ náà. Bí ẹ bá máa gba ọ̀nà yìí, orúkọ okòwò yín ni kí wọ́n fi gba server, ímeèlì okòwò yín ni kó wà lórí rẹ̀, kí ẹni kejì sì wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ibẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú àdéhùn kí ẹ tó san ìdajì owó.

Server pàápàá, bí ẹ bá háyà rẹ̀ ní òkè òkun, dọ́là ni. Ẹni tó sá fún dọ́là lẹ́nu ọ̀nà tún lè bá a pàdé ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìwé yín, ní ọwọ́ ta?

Mo ti ní ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ wò ó báyìí. Ọdún márùn-ún ni ẹ ti fi kọ orúkọ àwọn tó jẹ yín ní gbèsè, iye tí ẹ ń ra ọjà, àti ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn sínú sọ́fítíwíà kan. Ọjọ́ kan, wọ́n fowó kún un, tàbí wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà, bí Oracle ṣe ra NetSuite ní 2016. Ẹ fẹ́ lọ. Kí ni ẹ máa kó dání?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní, "A lè fún yín ní ìwé yín." Ẹ bi wọ́n: ní irú fáìlì wo? PDF kò wúlò fún ẹni tó ń kó lọ sí ibòmíràn. Ẹ ó kàn tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ni. CSV (fáìlì àtẹ lásán tí sọ́fítíwíà mìíràn lè kà) tàbí Excel ni ẹ fẹ́, kì í sì í ṣe orúkọ oníbàárà nìkan. Gbogbo ìṣòwò kọ̀ọ̀kan ni, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, àkáùńtì tó bọ́ sí, àti nọ́ńbà risíìtì rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é níwájú yín pẹ̀lú ìwé àpẹẹrẹ, kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ń lọ́ra ti fún yín lésì.

Sọ́fítíwíà tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan ní ìwà burúkú tirẹ̀ níbí, nítorí fáìlì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irú tí òun nìkan lè ṣí. Ìwé wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́, àmọ́ bí sọ́fítíwíà náà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ kò lè kà á. Kóòdù tó ṣí sílẹ̀ ló dára jù ní ọ̀nà yìí: database ERPNext wà níbẹ̀ gbangba, oníṣẹ́ ẹ̀rọ èyíkéyìí tó mọ MariaDB, sọ́fítíwíà database tó ń lò, lè ṣí i.

Òfin náà ní ohun tó sọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà, èyí tí àjọ NDPC ń mójú tó. Bí sọ́fítíwíà yín bá gbé orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà fóònù òbí ọmọ iléèwé, tàbí owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹ̀yin gan-an ni òfin kọ́kọ́ máa bi léèrè, kó tó kan ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà. Ilé oògùn àti ilé ẹ̀kọ́, ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tí server wà àti ẹni tó lè wo inú rẹ̀.

Mi ò ka ẹ̀dà tí wọ́n fọ́ titiipa rẹ̀ mọ́ ohun tí à ń fi wéra. Ó ń tà ní Computer Village, gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó fọ́ ọ lè ti fi nǹkan mìíràn sínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni nọ́ńbà báǹkì yín wà. Excel tí ẹ sanwó rẹ̀ sàn jù ú lọ.

Ohun tí ìjọba ń fẹ́ lọ́dọ̀ sọ́fítíwíà báyìí

Èyí ni àyípadà tí àwọn olókòwò kékeré kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, gbé ètò ínfọ́ísì orí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ló bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó ₦5 bílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fún wọn láàyè títí di oṣù kọkànlá. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, Nigeria Revenue Service ni orúkọ àjọ náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé sọ́fítíwíà yín máa fi ínfọ́ísì ránṣẹ́ sí àjọ náà, wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fi nọ́ńbà àti àmì QR sí i.

₦5 bílíọ̀nù jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń kó ọjà fún irú ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n máa fẹ́ kí ínfọ́ísì tiyín náà bá ìwé tiwọn mu. Níbí ni sọ́fítíwíà àtijọ́ tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì ti máa kọsẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti so mọ́ ètò náà, àti orúkọ ilé iṣẹ́ tí NITDA, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba, fọwọ́ sí tó gbà á kọjá. "À ń ṣe é lọ́wọ́" kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, ìwé owó SYSCOHADA, ìlànà ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé jọ ń lò, ni òfin fẹ́ lọ́dọ̀ yín, ìjọba Benin sì ti ní ètò ínfọ́ísì tirẹ̀ ṣáájú ti Nàìjíríà. Sọ́fítíwíà tó dára ní Èkó lè má wúlò lọ́dọ̀ yín rárá. Odoo ní ètò SYSCOHADA nínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yín níbẹ̀.

Ẹ̀yin ti Peckham àti Manchester, Making Tax Digital, ètò ìjọba Britain pé kí ìwé owó orí wà lórí sọ́fítíwíà, ti pinnu ìdajì ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn adáṣiṣẹ́ àti onílé tí owó tó ń wọlé fún wọn ju £50,000 lọ sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2026. Oníṣooṣù bíi Xero, QuickBooks Online tàbí Sage ló rọrùn jù lọ́dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ dọ́là tí mo sọ lókè kò kàn yín, inú mi sì dùn fún yín.

AI ńkọ́?

Gbogbo wọn ló ń fi í polówó. Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í ta Copilot fún àwọn ilé iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ní $30 fún olùlò kan lóṣù, lórí ohun tí wọ́n ti ń san tẹ́lẹ̀. Salesforce gbé Agentforce jáde ní 2024, $2 fún ìjíròrò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí èkejì yìí dáadáa. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, owó orí-sí-orí kò ní mú èrè wá fún wọn mọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń wá bí wọ́n ṣe máa gba owó lórí iṣẹ́. Fún okòwò kékeré, irú owó bẹ́ẹ̀ ṣòro láti mọ̀ ṣáájú, nítorí oṣù tí ọjà bá tà jù ni owó sọ́fítíwíà máa ga jù.

Nínú ìwé owó, ohun méjì ni mo rí i pé ó wúlò: kíka risíìtì láti inú fọ́tò, àti síso owó tó wọ báǹkì mọ́ ínfọ́ísì tó bá a mu. Ẹ fi risíìtì tiyín dán an wò, èyí tí wọ́n fi báírò kọ ní Gbági, kì í ṣe èyí tó mọ́ gaara tí ẹni tó ń tà á gbé wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má tíì san owó àfikún nítorí AI.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí oníbàárà rẹ̀ kò ju ogún lọ: Zoho Invoice kò gba owó, Excel náà ń bẹ. Ẹ má lọ ra ERP, ìyẹn sọ́fítíwíà ńlá tó ń kó gbogbo iṣẹ́ okòwò pọ̀ sójú kan, nítorí pé ọ̀rẹ́ yín rà á.

Ilé ìtajà tàbí ilé oògùn tó ní akáṣíà: oníṣooṣù tó ń gba náírà, tó sì ń tajà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Bí ẹ kò bá rí èyí tó ní méjèèjì, títà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ mú, kí ẹ fara da dọ́là.

Ilé iṣẹ́ tó ń ra èròjà tó ń sọ ọ́ di ọjà, bíi oníbúrẹ́dì, ẹni tó ń ṣe ọṣẹ tàbí àga: ẹ nílò sọ́fítíwíà tó mọ iye ìyẹ̀fun tó wọ inú búrẹ́dì kan. Ibí ni ERPNext ti tọ́ sí wàhálà rẹ̀, bí ẹ bá lè san owó oṣù fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí kí ẹ bá ilé iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn.

Ẹni tó ti ní Peachtree tàbí QuickBooks Desktop tó ń ṣiṣẹ́: kò sí ìdí láti sáré. Ẹ ra UPS, ẹ fi ẹ̀dà ìpamọ́ sí ibòmíràn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jáde ní Excel láti ìsinsìnyí, nígbà tí ó ṣì ń ṣí.

Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ bá akáǹtáǹtì yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí sọ́fítíwíà tí òun kò mọ̀ á di èyí tí ẹ ń sanwó fún, tí òun sì tún ń tẹ gbogbo ìwé yín sínú Excel tirẹ̀ ní ìparí ọdún.

Bí ẹ bá sì máa yí padà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣirò owó yín ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kó iye tó wà ní báǹkì, gbèsè tí wọ́n jẹ yín, èyí tí ẹ jẹ, àti ọjà tó wà nílẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìwé ọdún tó ti kọjá sílẹ̀ sínú sọ́fítíwíà àtijọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ẹ lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù méjì. Bí iye tó wà ní báǹkì kò bá dọ́gba nínú àwọn méjèèjì ní ìparí oṣù kejì, ẹ má tíì pa ti àtijọ́.